Ìgò Ni Wọ́n Bá Jà: Ọtí, Ẹgbẹ́ àti Ẹni Tó Fẹ́ Ṣíwọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Etí Omi

Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ṣe ìlú tí ẹgbẹ́ wọ́n sí. Àwọn onígẹdú ní tiwọn, àwọn oníkòkó àti olóbì ní tiwọn, awakọ̀ ní tiwọn, àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún kan náà ní tiwọn. Èésú wà, àjọ wà, ìpàdé ẹbí wà, àsàlátù wà, ẹgbẹ́ akọrin wà. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí wọ́n dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ sí ní 1982, èyí tó ń jẹ́ Olabisi Onabanjo University láti 2001, ẹ ó bá ẹgbẹ́ Kegites pàdé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi agbè ẹmu ṣe àmì ẹgbẹ́ wọn, tí irú wọn sì ti wà ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa láti àwọn ọdún 1960. Ẹgbẹ́ mímu kò ṣòro rí. Ẹgbẹ́ ṣíṣíwọ́ ló ṣòro. Bí ẹni tí ọtí ti di bárakú fún bá jí lónìí ní Òkè-Sópẹ́n, tàbí létí omi ní Àbígí tàbí Ìwòpin, tó ní òun fẹ́ fi í sílẹ̀, tó sì ń wá àwọn mìíràn tí irú rẹ̀ ti ṣe rí kí wọ́n jọ máa pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò béèrè títí kó tó rí ẹni júwe ọ̀nà fún un. Wọ́n á ní kó lọ bá wòlíì, wọ́n á ní kó lọ bá ààfáà, wọ́n á ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò. Ohun tó ń wá gan-an kò sí nínú mẹ́ta náà. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí wà nínú ìtàn: láti nǹkan bí àádóje ọdún, gbogbo ẹni tó dojú kọ ọtí ní agbègbè yìí, ìgò ló bá jà. Ẹni tó di ìgò náà mú, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò rí ẹni jókòó tì í.

Kí ọtí òyìnbó tó dé, Ìjẹ̀bú ń mu ẹmu, wọ́n ń mu ògùrọ̀, wọ́n ń mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé kò sí ọ̀mùtí láyé àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ nípa ọ̀mùtí pọ̀ nínú òwe àti ẹ̀fẹ̀ Yorùbá ju kí a sẹ́ ẹ lọ. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé ẹmu fúnra rẹ̀ ní ìjánu. Èyí tí wọ́n dá láàárọ̀ ti ń le lálẹ́, bó bá sì di ọjọ́ kẹta ó ti kan kọjá mímu. Kò ṣeé kó pamọ́ sínú yàrá, kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, agbè kan sì ni gbogbo àwùjọ ń mu pọ̀ lójú ara wọn. Jíìnì ló já ìjánu náà. Láti Rotterdam àti Hamburg ni wọ́n ti ń kó o wá, ìgò onígun mẹ́rin aláwọ̀ ewé, méjìlá nínú àpótí pákó kan. Ó lè wà lábẹ́ ibùsùn fún ọdún mẹ́wàá kó má bàjẹ́. Nítorí pé kò bàjẹ́, ó di ohun tí wọ́n fi ń san gbèsè, ohun tí wọ́n fi ń san owó ìtanràn, ohun tí wọ́n fi ń kí ọba. Ọ̀nà ọ̀sà ló sì gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti ọjà Ẹ̀jìnrìn, kí àwọn alájàpá tó gbé e wọ inú ìlú lọ. Kì í ṣe ọtí ló fa ogun Ìmàgbọ̀n tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa ṣọ́ ọ̀nà òwò ló fà á, nígbà tí àdéhùn oṣù Kìíní 1892 tí ìjọba Èkó fi gbà láti máa san £500 lọ́dún fún Ìjẹ̀bú kò mú àlàáfíà wá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìbọn òyìnbó borí ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ọ̀nà ṣí fún gbogbo ọjà, oníwàásù àti àpótí jíìnì sì jọ gba ojú ọ̀nà kan náà wọlé.

Àwọn oníwàásù ló kọ́kọ́ pariwo. James Johnson, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Holy Johnson, tó sì ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Ìjẹ̀bú lẹ́yìn 1892, dara pọ̀ mọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell láti sọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé jíìnì ń ba ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú jẹ́. Ní 1895 wọ́n kó ìbuwọ́lùwé jọ ní Èkó. Àpò ìjọba ni kò jẹ́ kí etí rẹ̀ gbọ́: kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdajì owó tó ń wọlé fún ìjọba ní gúúsù Nàìjíríà ló ń ti orí ọtí líle wá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Brussels ní 1890 náà ti fi ojú òwò wo ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí ọtí líle kò tíì dé ni wọ́n ti fòfin dè é, ibi tó ti dé tẹ́lẹ̀, owó orí ni wọ́n bù lé e. Nígbà tí ariwo àwọn bíṣọ́ọ̀bù kò rọlẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní 1909, tí Sir Mackenzie Chalmers ṣe alága rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀rí lẹ́nu òyìnbó àti ènìyàn dúdú, wọ́n sì ní ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan jíìnì kò fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá ka awuyewuye ìgbà náà yóò gbádùn rẹ̀, nítorí wọ́n mọ ẹ̀kọ́ àríyànjiyàn dáadáa. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun tí ìhà méjèèjì ń kà. Ìkan ń ka gálọ́ọ̀nù, èkejì ń ka pọ́n-ùn. Fún ẹni tó ti ń mu ún, tó fẹ́ dáwọ́ dúró, kò sí nǹkan kan lórí tábìlì. Ohun tí àwọn alátakò ọtí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ́: fọwọ́ sí ìwé yìí, má mu mọ́. Bó bá tún mu, ó ti di adàmájẹ̀mú. Ìwé náà kò sọ ohun tó yẹ kó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn Àdéhùn Saint-Germain ti 1919, wọ́n dá ọtí líle olówó pọ́ọ́kú dúró ní ibodè, owó orí èyí tó kù sì ń gòkè. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, tí kòkó àti epo kò mú owó wálé mọ́, jíìnì wọ́n kọjá agbára tálákà. Ògógóró ló gba ipò rẹ̀, etí omi sì ni ilé rẹ̀. Igi ògùrọ̀ kún inú àbàtà láti Mákùn-Omi àti Ayílà títí wọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro ṣàlàyé. Wọ́n á dá ògùrọ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ nínú àgbá fún ọjọ́ mélòó kan kó le dáadáa, wọ́n á gbé e kaná nínú àgbá irin tí wọ́n dí ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á sì so páìpù mọ́ ọn. Páìpù náà á gba inú omi tútù kọjá, nígbà mìíràn inú ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó tí wọ́n pọn omi kún. Ooru ọtí á dì nínú rẹ̀, á máa kán tó, tó, tó sínú kèrègbè. Ìjọba amúnisìn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sọni sẹ́wọ̀n, wọ́n ní májèlé ni. Ẹni tó bá rántí ibi tí ìdajì owó ìjọba ti ń wá tẹ́lẹ̀ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìlera nìkan ló ń dùn wọ́n. Ọlọ́pàá ń wọ inú ẹrẹ̀ lọ fọ́ àgbá, àwọn tó ń sè é ń sún wọ inú igbó síwájú sí i. Ìjà náà gùn, ògógóró ló sì borí.

Láti inú ògógóró ni paraga, ìyẹn àgbo inú ọtí líle, ti jáde, òun ló sì mú ọ̀ràn Ìjẹ̀bú-Igbó yàtọ̀. Ìlú onígẹdú ni. Ẹni tó ń gé igi nínú igbó, tó ń yí i sórí ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń tì í sẹ́nu ayùn ní ilé ìlagi, ẹ̀yìn á máa dùn ún. Alágbo á wà nítòsí pẹ̀lú ìgò tí egbò àti èèpo igi kún inú wọn: eléyìí fún jẹ̀díjẹ̀dí, èyí fún òpá ẹ̀yìn, èyí fún agbára ọkùnrin. Ọtí líle ni wọ́n fi rẹ gbogbo wọn. Ife kékeré kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìkan lọ́sàn-án, méjì bí ilẹ̀ bá ṣú. Onítọ̀hún kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ń mutí, oògùn ló ń lò. Ìgbà tí kò bá mu ún ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni ara á ṣẹ̀ṣẹ̀ fu ú, nígbà náà ẹ̀wẹ̀, alágbo á ní àìtó oògùn ló fà á.

Ní ìgbà tiwa, àṣà bíbá ìgò jà kò yí padà. Ní oṣù Kẹrin 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, kò jìnnà sí ibodè ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ojú wọn fọ́, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan sọ pé òrìṣà ìlú ló bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́táánọ́ọ̀lù ló wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Nígbà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba fòfin de ògógóró lọ́dún náà. Ní 2018 NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, àti àwọn ilé iṣẹ́ apọntí ṣe àdéhùn pé ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kékeré tí kò tó 200ml yóò kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó bá fi máa di ìparí oṣù Kìíní 2024. Ọjọ́ pé, òfin bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà fárígá, àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún un di ìparí 2025. N kò sọ pé òfin náà kò dára. Ọtí tí ọmọ iléèwé lè fi owó oúnjẹ ọ̀sán rà, tó sì lè fi sápò aṣọ, ó yẹ kí ìjọba dá a dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú gbogbo awuyewuye náà, ẹnu kò kan àwọn tí wọ́n ti di ẹrú ọ̀rá yẹn. Kódà ìwádìí ńlá nípa lílo oògùn tí wọ́n gbé jáde fún Nàìjíríà ní 2019, èyí tó ní mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, yọ ọtí àti tábà kúrò nínú òǹkà náà. Ẹni tí a kò kà, a kò ní kọ́ yàrá fún un.

Ẹnìkan yóò ní mo ti gbójú fo àwọn tó jókòó ti ọ̀mùtí ní ti tòótọ́, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn. Àtakò tó lágbára jù nìyí, àwíjàre rẹ̀ sì wà nínú ìtàn Ìjẹ̀bú gan-an. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlúẹ́ńsà ń pa ènìyàn bí ẹní pa eṣú, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà díẹ̀ ní St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà pọ̀. J. B. Sadare, tí wọ́n tún ń pè ní Ẹ̀sìnsìnadé, ló ṣáájú wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, sì wà lára àwọn tí ohùn wọn ròkè jù. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Wọn kò dúró de àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù kankan. Ìyọnu kan náà ló kó wọn jọ, wọ́n sì ń gbé ara wọn ró. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) ti hù. Nínú àwọn ìjọ Aládùúrà tó tẹ̀ lé wọn, títí kan ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí Oschoffa dá sílẹ̀ ní Pọ́tọ̀-Nóvò ní 1947, tó sì fi ọtí sára èèwọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọtí sílẹ̀ tí wọn kò padà sí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìsìláàmù, tó ti fìdí múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tipẹ́, fún ọkùnrin ní ibi mìíràn tí yóò jókòó sí nírọ̀lẹ́ yàtọ̀ sí ìdí agbè. A kò gbọdọ̀ fojú kéré iṣẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí agbára wọn wà ni àìlera wọn náà wà. Ìjọ ń gba ẹni tó ti yí padà, ó sì ń retí kó dúró bẹ́ẹ̀. Ọtí tó ti di bárakú kì í sábà tú ẹni sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni náà á fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, á tún ṣubú, á tún dìde. Bó bá ṣubú lẹ́yìn tó ti jẹ́rìí níwájú ìjọ, tí wọ́n ti kọrin, tí wọ́n ti jó, ojú wo ni yóò fi padà wọlé lọ́jọ́ Sunday? Ilé ni yóò jókòó sí, ìgò ni yóò sì bá a jókòó. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí iṣẹ́ àánú náà sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí bó bá jẹ́ oníṣẹ̀ṣe, kò tilẹ̀ ní ya ibẹ̀ rárá. Àwọn tó dá Alcoholics Anonymous (AA) sílẹ̀ ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà ní 1935 bá ìṣòro yìí gan-an pàdé. Alágbàtà ìpín ìdókòwò kan àti dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ni wọ́n, Bill àti Bob, ọ̀mùtí ni àwọn méjèèjì. Inú ẹgbẹ́ àdúrà kan tó ń jẹ́ Oxford Group ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó yíká kí á máa sọ òótọ́ inú ẹni. Láàárín ọdún mẹ́rin, wọ́n ti yà kúrò lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sìn bí ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Òfin wọn kò pọ̀. Ìfẹ́ láti ṣíwọ́ mímu nìkan ni owó ìwọlé. Wọn kì í gba owó ẹgbẹ́. Orúkọ kìíní ẹni nìkan ni wọ́n ń pè. Ẹni tó bá ṣubú lánàá lè wá lónìí. Bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Òkúta Iyebíye ti 1918, ẹ ó rí i pé ìbátan ni wọ́n: àwọn tí ìyọnu kan náà bá, wọ́n jókòó pọ̀ láìdúró de ọ̀gá.

Àtakò kejì ni pé ti òyìnbó ni irú ẹgbẹ́ yìí, pé Yorùbá kì í tú àṣírí ara rẹ̀ síta. Èyí kò wọ̀ mí létí. Ilẹ̀ tí ìgbìmọ̀ Òṣùgbó ti ń jókòó láti ayébáyé, tí ọ̀rọ̀ ilédì wọn kì í jáde sí gbangba, ló ń sọ pé òun kò mọ bí ènìyàn mẹ́wàá ṣe lè gbọ́ nǹkan kí wọ́n pa á mọ́? A mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìtìjú ìlú kékeré jẹ́ òótọ́ o, torí gbogbo ènìyàn ló mọ ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe. Ìdí nìyẹn tí ará Ìjẹ̀bú-Igbó fi lè lọ bá àwọn tó bá ń pàdé ní Àgọ́-Ìwòyè, kí ará Àgọ́-Ìwòyè sì wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Àwọn tó ń gbèjà àṣà yóò mẹ́nu ba ẹmu ìdána àti jíìnì ètùtù. Mùsùlùmí àti Aládùúrà ti ń gbé ìyàwó, wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ti ń ṣe àríyá Ìjẹ̀bú olówó ńlá pẹ̀lú mínírà fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìgbéyàwó wọn kò sì tú nítorí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni má mu ní òde ara rẹ̀. Ẹni tó ní òun kò lè dá ọtí dúró nìkan ló kàn.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ló kù, mo sì fẹ́ kí a farabalẹ̀ síbẹ̀, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti ń mutí líle lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nínú ilé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Àwọn tí kò mọ̀ á sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ló ń jáde, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀. Dókítà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka fún bárakú oògùn àti ọtí, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OOUTH sì wà ní Ṣàgámù. Ṣùgbọ́n Àrò fúnra rẹ̀ ló kọ́ ayé pé ilé ìwòsàn nìkan kò tó. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo kò há àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́ inú ọgbà. Ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé tó yí Àrò ká, ìbátan wọn kan wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣoko. Gbogbo àgbáyé wá kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọtí di bárakú fún nílò irú abúlé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà bá yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí gáréèjì kan náà àti alágbo kan náà ló ń padà sí. Bí ẹnìkan bá sì ní ọ̀rọ̀ sísọ lásán kò lè wo àìsàn, àbájáde ìwádìí 27 lórí ènìyàn tó lé ní 10,000 tí ẹgbẹ́ olùwádìí ìṣègùn Cochrane kó jọ ní 2020 dá a lóhùn. Àwọn tí wọ́n darí sí irú ẹgbẹ́ AA wà láìmutí rárá lẹ́yìn ọdún kan ju àwọn tó gba irú ìtọ́jú mìíràn lọ, nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún sí 35. Kì í ṣe idán. Ó ju ẹ̀jẹ́ orí ìwé lọ.

Ìwọ tó ń wá irú ẹgbẹ́ yìí fún ara rẹ tàbí fún ọmọ ìyá rẹ, bi àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ní Àrò tàbí Ṣàgámù bóyá wọ́n mọ àwọn tó ti gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wọn tó ń gbé ní apá Ìjẹ̀bú, kí wọ́n bá ọ béèrè bóyá àwọn yẹn á fẹ́ pàdé. Lápá Ẹ̀pẹ́, àwọn CADAM tó bá ìjọ Redeemed tan ń tọ́jú àwọn tó fẹ́ já ara wọn gbà, ará etí omi lè kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ méjì péré, ó tó láti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá kún tí ọkọ̀ kò lè kọjá láti Ìwòpin, fóònù wà. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin olùdarí ìjọ àti lémọ́mù, ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì tí ẹ ní yàrá ìkàwé tó ń ṣófo lálẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ yọ̀ǹda yàrá kan fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ẹ má ṣe rán ẹnikẹ́ni wá wàásù níbẹ̀, ẹ má sì béèrè orúkọ àwọn tó wọlé.